Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Nílé

Bí mo bá gbọ́ òórùn sítáàṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀, Bẹyẹrúnkà ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi, níbi tí a máa ń tẹ́ ẹní sí lọ́sàn-án nítorí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ jù. Òórùn náà máa ń dà bíi ti ẹ̀kọ tó fẹ́ jóná. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ti gbọ́ ọ rí, o mọ ohun tí mò ń wí. Ara mi a yá gágá, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé wá sọ pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lóòótọ́ nígbà náà! Rélùwéè kò tíì pẹ́ tó wọ Ìbàdàn, gbogbo nǹkan ló sì ń ṣe wá ní kàyéfì. Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì kò lè sùn mọ́ nítorí ìròyìn yìí. Èrò tí yóò wá pọ̀ ju ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì wa lè gbà, wọ́n bá ní orí òkè Mápó ni àdúrà yóò ti wáyé. Ìwọ tí o ń rí Mápó lónìí pẹ̀lú gbọ̀ngàn ńlá lórí rẹ̀, má fi ojú yẹn wò ó o. Òkè lásán ni nígbà náà, òkúta àti koríko, ewúrẹ́ ló sì ń jẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tò láti Bẹẹrẹ, wọn yóò gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà'ba kọjá, wọn yóò sì gun òkè náà pẹ̀lú àsíá wọn níwájú. Àwọn obìnrin ń wọ́ lọ sí Òjé láti lọ ra aṣọ. Àwọn tí wọn kì í kọrin tẹ́lẹ̀ ń kọrin nídìí ààrò. Inú wa ń dùn kọjá sísọ.

Ìyàwó tuntun ni mí. Ọmọ àdúgbò Oníyanrìn ni mo jẹ́, mo ti ka ìwé díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, mo sì mọ abẹ́rẹ́ lò dáadáa. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ ni a jọ ń wo ojú ara wa láti àárọ̀ dalẹ́. Ilé ńlá ni. Apá kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, apá kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni baálé ilé, Mùsùlùmí gidi tó ń bá àwọn Gàmbàrí ṣòwò obì. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, òun ló máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹran rẹ̀, bí ààwẹ̀ bá sì dé, àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń bá wọn dáná sàárì.

Ìyá ọkọ mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́kọ́ gbà sílé ní Ìbàdàn, nígbà tí kò tíì sí ìjọba òyìnbó kankan níbí. Obìnrin òyìnbó kan ló di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. Obìnrin náà kú sí ìlú wa, ìlú wa ni wọ́n sì sin ín sí. Ìyá ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n ò sì tíì gbọ́ kó yin ẹnikẹ́ni rí. Orúnkún rẹ̀ ti ń dà á láàmú, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri kó tó dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ti Mápó, ó wò mí lójú, ó ní, "N ó gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi ni n ó sì gbé àsíá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹsẹ̀ yìí máa ṣe bó ṣe wù ú." Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun mìíràn tó tún jọ ọ́ lójú.

Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí fún ìyàwó ilé nígbà yẹn. Gbogbo ẹni tí o bá nílé, ọkọ rẹ ni, ìbáà jẹ́ ìkókó tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé. O kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. O ní láti fi ọgbọ́n orí rẹ wá orúkọ tí yóò dùn mọ́ ọn, kí o sì máa fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Mo ní Akọ́wé nílé, mo ní Eyínmẹ́nugún. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Ìbàdíàrán ni mo ń pè é. Ká sọ òótọ́, ìbàdí náà kò tíì tó nǹkan kan nígbà yẹn, ojú ìrètí ni mo fi ń wò ó.

Tíṣà wa tuntun kò mọ̀ nípa èyí rárá. Ọmọ Sàró ni, ilé míṣọ́nnárì l'Ékòó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí ìyàwó ti ń pe orúkọ ọkọ ní gbangba tí ilé kò sì wó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí rélùwéè fẹ́ fi sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi gbogbo ètò náà lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó béèrè àbúrò ọkọ mi pẹ̀lú orúkọ ìsàmì rẹ̀, orúkọ tí ẹnu mi kò pè rí títí di òní tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìbàdíàrán ti lọ sódò, sà."

Ó ní, "Rárá, kì í ṣe Ìbàdíàrán ni mò ń béèrè." Ó tún pe orúkọ náà.

"Ìbàdíàrán náà ni, sà. Wọ́n ti lọ sódò."

Ó wò mí bí ẹni pé etí mi ti di, ó yí padà, ó lọ. Ó dá a lójú pé ọmọ náà kò gbé ilé wa mọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín àwọn tí yóò lé orin. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìbàdíàrán fi bínú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Àsíá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ìyá mú aṣọ funfun kan tó nípọn jáde, ó rì í sínú sítáàṣì, èmi sì lọ̀ ọ́ títí tó fi le gbagidi. Òun tìkára rẹ̀ ló fi èédú kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di etí aṣọ mú fún òun. Ẹ̀bẹ̀ ni, pé kí Olúwa fi ọ̀nà hàn wá, lédè Yorùbá lókè, lédè Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, kí bíṣọ́ọ̀bù lè kà á. Nígbà tó parí, ó na òwú ṣẹ́dà pupa sí mi. "Ìwọ ni yóò rán an," ló wí. Èmi! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn ìyàwó àgbà inú ẹgbẹ́ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba òwú náà.

Bí mo ṣe tẹjú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo rí i. Show ni wọ́n kọ́ àwa ní ilé-ẹ̀kọ́. Shew ni Ìyá kọ. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò ṣe mí ní kàyéfì púpọ̀. Bákan náà la ń pe méjèèjì lẹ́nu, ìtumọ̀ wọn kò sì yà síra, kí a fi nǹkan hàn ni. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé àwọn tó ṣáájú ń kọ ọ́ báyìí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń kọ ọ́ báyẹn. Síbẹ̀ mo béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, ṣé bí mo ṣe máa rán an nìyí?" Ó ní, "Ṣé ojú ẹ ò ríran ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí rán an. Ó wù mí bí òwú pupa náà ṣe ń tẹ̀lé ipa èédú tí ọwọ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀. Nígbà mìíràn ó ń ṣe mí bíi pé obìnrin òyìnbó tó kú yẹn náà wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú wa, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ Ìyá, ọwọ́ Ìyá lórí tèmi.

Nígbà tí ọjọ́ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tíṣà ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń yẹ àsíá wò. Ó wọlé wá, ó kí wa, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà, ó sì ń yìn ín. Lójijì ó fi ìka kan shew.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èyí ti di ti àtijọ́. Show ni wọ́n ń kọ báyìí."

"Àwọn wo?"

"Àwọn òyìnbó, mà."

"Òyìnbó ló kọ́ mi."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí làágùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ẹ̀rù ló ń bà á fún wa. Ó ní àwọn òyìnbó tí yóò tẹ̀lé bíṣọ́ọ̀bù yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní àwọn ará Ìbàdàn ti sùn gbàgbé. Ó ní kí a tú ọ̀rọ̀ náà, kí a tún un rán, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àsíá náà kò ní jáde. Ìyá kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, obìnrin tó kọ́ mi ní lẹ́tà yẹn sùn sábẹ́ ilẹ̀ wa níbí. Bí ẹ bá tú u, n ò ní jáde nílé lọ́jọ́ náà." Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì fa aṣọ ẹnu ọ̀nà dé.

Ha, ilé gbóná! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti dé Bẹẹrẹ. Àwọn ìyá àgbà inú ẹgbẹ́ ní bí olórí àwọn kò bá lọ, àwọn náà kò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìtìjú ni, ta ló fẹ́ tẹ̀lé àsíá tí òyìnbó yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ìbàdíàrán wà pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, ó ń sọ ọ́ ní ohùn rara káàkiri ilé, títí tí mo fi ń fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Èmi wà láàárín. Ọwọ́ mi ló rán an, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni bí tíṣà ṣe wí ni mo ti kàwé, ìyá ọkọ mi ló sì há ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn gun òkè rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ńlá, baálé ilé pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà ti dé. Ó ti ní kí Ìbàdíàrán mú àlùmọ́gàjí wá, kí a lè tú u kíá bí àwọn àgbà bá ti gbà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá kò jáde, ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀.

Baálé ní, "Wàhálà kí lèyí? Èmi ò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó, ìwọ lo rán an. Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń wí?"

Mo wà lórí eékún mi. Mo ní, "Ó ń wí pé kí Olúwa fi ọ̀nà hàn wá, Bàbá."

"Èyí tí tíṣà fẹ́ ńkọ́?"

"Ohun kan náà ló ń wí, Bàbá."

"Kí wá lẹ ń jà sí?"

Ariwo sọ. Tọmọdé tàgbà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ìyá ń na ìka, tíṣà ń gbìyànjú láti ṣàlàyé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ tirẹ̀. Nínú ariwo yìí ni Ìbàdíàrán ti tẹ̀ síwájú, ó fa aṣọ náà sọ́dọ̀, ó ṣí ẹnu àlùmọ́gàjí. N kò mọ ìgbà tí mo lọgun pé, "Ìbàdíàrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gé e!"

Tíṣà yíjú padà bìrí. "Ṣé ẹ rí i? Ta gan-an ló ń jẹ́ Ìbàdíàrán yìí? Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, n ò rí i rí!"

Ẹ̀rín bú sáyé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá tó ń bínú lẹ́ẹ̀kan di ara wọn mú. Baálé ń nu ojú. Ìbàdíàrán fúnra rẹ̀ fi àlùmọ́gàjí bo ojú nítorí ìtìjú. "Òun nìyí, Tíṣà," ni baálé wí nígbà tó rí ẹ̀mí mí. "Ìyàwó yìí kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀."

Tíṣà wò mí, ó wo ọmọbìnrin náà. "Ṣé ó jù yín lọ ni?"

"Rárá, sà," ni mo wí. "Mo ju wọ́n lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo bá wọn nílé."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni gbogbo rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú mi, n kò sì lè dá ẹnu mi dúró mọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí, sà. Ìyàwó tuntun ni show. Shew ló bá nílé. Show ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé, mo fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ni n ó máa kọ. Ṣùgbọ́n a kì í gbé ìyàwó wọlé, kó wá ní kí ẹni tí òun bá nílé máa jáde lọ."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ, mo sì fi orí kan ilẹ̀. Èmi, ìyàwó àná, mo ń kọ́ tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ níwájú gbogbo ilé! Lẹ́yìn náà ni baálé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Àlùbáríkà! Ó parí." Mo gbójú sókè. Tíṣà ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fi í fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ Ìbàdíàrán, ó fi í sápò. "Bí wọ́n bá wá rẹ́rìn-ín ńkọ́?" ló bi wá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà ṣí. Ìyá jáde. Ó ní, "Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ na ọwọ́ sí mi. Ẹ ní èmi ni mo kọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ kejì yẹn! Ayọ̀ wo ló tún tó bẹ́ẹ̀ láyé? Láti Bẹẹrẹ ni orin ti gbà, ẹgbẹ́ tẹ̀lé ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nínú aṣọ funfun, Ìbàdíàrán níwájú wọn pẹ̀lú ohùn tí Ọlọ́run dìídì fún un fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ọjà'ba fi ọjà sílẹ̀, wọ́n wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Baálé wa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń fi wá han gbogbo ènìyàn pé, "Ilé mi nìyẹn, ilé mi nìyẹn." Ìyá wà níwájú ẹgbẹ́ wa, ó di igi àsíá mú ṣinṣin, aṣọ funfun náà ń fẹ́ lókè orí rẹ̀, òwú pupa mi ń dán nínú oòrùn. Inú mi ń dùn débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí.

Níbi tí òkè náà ti dá gàgà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀. Ó dúró. Igi àsíá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sáré na ọwọ́, ó ní, "Fi sílẹ̀," láìwo ẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ń tì wá, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà náà ni mo rí tíṣà tó ń sáré bọ̀ láti òkè, mo rò pé ó fẹ́ ní kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di igi náà mú nísàlẹ̀ ọwọ́ Ìyá, ó sì gbé ìwúwo rẹ̀ fún un. Bàtà dídán yẹn yọ̀ lórí òkúta lẹ́ẹ̀kan, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó bá bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀, ó fi í sílẹ̀ nínú koríko. Òun àti Ìyá gun Mápó pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ọwọ́ méjèèjì lórí igi kan, shew náà sì ń fẹ́ lókè orí tíṣà.

Bíṣọ́ọ̀bù gbé ojú sókè, ó kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ orí ba fún Ìyá. Mo fi ojú wá ẹ̀rín káàkiri láàárín àwọn òyìnbó tó tẹ̀lé e, n kò rí i lójú ẹnì kankan. Ìyá jókòó sórí òkúta kan, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Gbogbo Ìbàdàn tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa, òrùlé lórí òrùlé, ó sì wò ó pẹ́. Ó pè mí súnmọ́ tòsí. Mo rò pé omi ló fẹ́.

"Òwú ẹ ò já," ló wí.

Kò gun òkè náà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi ní ìyìn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ láti orí òkúta yẹn pé ohun tó ti wà ṣáájú mi kò wá láti dí mi lọ́nà, àti pé èmi náà láyè tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti mú mi wọlé ọkọ láti bí oṣù mélòó kan ṣáájú, wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún mi ní yàrá. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ mi bá bi mí ní ọjọ́ tí mo dé ilé bàbá wọn, ọjọ́ Mápó ni mo máa ń sọ fún wọn.